Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ iye wákàtí tí bàálù máa lò láti Èkó dé New York

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn yọ aago tẹ́ ẹ máa gbéra kúrò lára aago tẹ́ ẹ máa balẹ̀. Ohun tí àbúrò mi ṣe nìyẹn, ó rí aago 11 alẹ́ l'Ékòó, ó rí aago 5 ìdájí ní New York, ló bá ní wákàtí 6 péré ni, òun á sùn díẹ̀, òun á jí sí Amẹ́ríkà. Wákàtí 11 ló fi jókòó!

Báyìí la ṣe ń ṣe é. Ẹ ṣí Google Maps lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ Èkó, ẹ mú "Measure distance", kẹ́ ẹ wá tẹ New York, ẹ máa rí nǹkan bíi 8,440 kìlómítà. Tí ìlà yẹn bá tẹ̀ díẹ̀, kò sí wàhálà, ayé ló rí roboto, ibẹ̀ gan-an ló yá jù.

Bàálù ńlá máa ń sá tó 850 sí 900 kìlómítà ní wákàtí kan tó bá ti dé òkè. Ẹ fi 850 pín 8,440, bíi wákàtí 10 nìyẹn, ẹ wá fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lé e torí kì í sá eré yẹn tó bá ń gòkè tàbí tó bá ń wálẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà tún ń bẹ ńbẹ̀ o, èyí tí wọ́n ń pè ní jet stream, apá ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá, tẹ́ ẹ bá ń lọ ó ń dojú kọ yín, tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ ó ń tì yín lẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí àlọ fi lè tó wákàtí 11 tí àbọ̀ á sì jẹ́ bíi 10.

Tíkẹ́ẹ̀tì tó bá gba London kọjá ńkọ́? Èkó sí London tó 5,000 kìlómítà, London sí New York bíi 5,540, ó ti fi ohun tó lé ní 2,000 ju tààrà lọ, ká má tíì sọ wákàtí tẹ́ ẹ máa fi jókòó ti báàgì. Ẹ tún wò ó bóyá ẹ máa nílò físà láti gba ibẹ̀ kọjá.

Aago ìlú ló ń da orí èèyàn rú jù. Àwa kì í yí aago wa, àwọn ará New York máa ń sún tiwọn síwájú ní March, wọ́n á dá a padà ní November, torí náà wákàtí 5 la fi ń ṣáájú wọn láàárín ìgbà yẹn, tó bá di ìgbà òtútù ó di 6. Ẹ ka wákàtí 11 látorí aago 11 alẹ́, ó di aago 10 àárọ̀ l'Ékòó, ẹ yọ 5, aago 5 ìdájí lọ́hùn-ún. Tó bá jẹ́ January, aago 4 ni. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ṣe lẹ máa fi kún un: ẹ gbéra ní aago 12 ọ̀sán, wákàtí 10 lókè, aago 10 alẹ́ tiwọn, aago 3 òru tiwa, ọjọ́ ti yí nìyẹn. Ẹ yáa sọ fún ẹni tó ń bọ̀ wá gbé yín, kó má lọ dúró sí éápọ́ọ̀tù lóru ọjọ́ tó ṣáájú.