Ẹ má gbá ìgbẹ́ eku ní gbígbẹ: bí a ṣe ń tún yàrá ìkó-ọjà ṣe

Èlùbọ́ àti àgbàdo ni mò ń tà ní Ajàṣẹ́-Ìpo ní ìpínlẹ̀ Kwara, yàrá tí mò ń kó wọn sí wà lẹ́yìn ilé. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, tí wọ́n ti kórè tán, tí iná sì ti jó igbó, ọ̀dọ̀ wa ni eku ń sá bọ̀. Ohun tí mo fẹ́ bẹ ẹ̀yin tí a jọ ń kó oúnjẹ pamọ́, láti Ọ̀fà títí dé Òmù-Àrán, kò ju ẹyọ kan lọ: bí ẹ bá rí ìgbẹ́ eku nílẹ̀, ẹ má gbé ìgbálẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rin ín gbingbin.

Ìdí rẹ̀ rèé. Eku lè sanra, kí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, síbẹ̀ kí kòkòrò àrùn wà nínú ìtọ̀, ìgbẹ́ àti itọ́ ẹnu rẹ̀. Bí ó bá gbẹ tán tí a gbá a, á di eruku, a ó sì fà á símú. Bí àrùn tí wọ́n ń pè ní hantavirus ṣe ń mú èèyàn nìyẹn. Ní 1993, ó pa àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le koko ní apá New Mexico àti Arizona ní Amẹ́ríkà. Omi kún ẹ̀dọ̀fóró wọn, wọn ò lè mí mọ́. Òun náà ló pa Betsy Arakawa, ìyàwó Gene Hackman òṣèré, ní 2025. Ní Éṣíà àti Yúróòpù, kíndìnrín ló sábà máa ń bá jà. Àwọn onímọ̀ ti rí irú rẹ̀ kan lára eku ní Guinea níhìn-ín ní Áfíríkà, wọ́n kéde rẹ̀ ní 2006.

Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà tiwa gan-an ni ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno ní 1969. Ìdílé fáírọ́ọ̀sì méjèèjì yàtọ̀, àmọ́ ara eku ni wọ́n jọ ti ń wá. Ondo wà lára ìpínlẹ̀ tó ti ń jà jù, Èkìtì nìkan ló sì là wá láàárín. Ìyá kan tí ìsọ̀ wa kángun síra máa ń bi mí pé, "Ìyá Ràfíù, eku tí a ti ń bá gbé látọjọ́ yìí, ta ló pa?" Àgbà ni wọ́n, n kì í bá wọn jiyàn. Àmọ́ nínú èèyàn mẹ́wàá tí Lassa bá wọ̀ lára, bíi mẹ́jọ ni kò ní ju ibà díẹ̀ lọ, àwọn kan kò tilẹ̀ ní mọ̀. Lára àwọn yòókù ni àwọn kan ti ń kú, ẹlòmíì á sì yè, etí rẹ̀ á di. À ń sin wọ́n, à ń ní ibà lásán ni.

Ó yá, iṣẹ́. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ìbòmú dára, ẹ wọ̀ ọ́, àmọ́ ẹ má gbójú lé e, omi ló ń gbà wá.

Ẹ bu ife Hypo tàbí Jik kan sí ife omi mẹ́sàn-án. Ti òní ni kí ẹ pò, kí ẹ má lo ti àná. Ẹ má da Izal tàbí oògùn ilé ìgbẹ́ mọ́ ọn rárá. Òórùn tó ń jáde níbẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Èmi máa ń fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ihò wẹ́wẹ́ sí ọmọrí ike omi, máa wá bẹ̀rẹ̀, máa jẹ́ kó máa sẹ̀ sórí ìgbẹ́ náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ìtòsí ilẹ̀. Bí ẹ bá da omi lù ú láti òkè, eruku á ti fò kí omi tó mú un. Ẹ ó rí i tí ìgbẹ́ tó gan tẹ́lẹ̀ á máa rọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ á máa ṣàn sára sìmẹ́ǹtì. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó kéré tán. Kó tó pé, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi àkísà kó o sínú ọ̀rá, ẹ dì í, ẹ tún fi ọ̀rá mìíràn bò ó, kí ẹ wá sin ín níbi tí ajá ò ti ní hú u. Àkísà náà bá a lọ. Ẹ má gbàgbé abẹ́ pákó tí àpò jókòó lé. Ibẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ìtẹ́ sí, pẹ̀lú koríko àti fọ́nrán àpò tí wọ́n ti gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Òun náà, ẹ rin ín kí ẹ tó kó o. Òkú eku náà, bákan náà. Ẹ wá fi omi oògùn nu gbogbo ilẹ̀. Ẹ fọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó bọ́ ọ, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Ti ọjà ló ń dunni jù. Àpò tí eku kàn ṣu sí lára, tí kò lu, ẹ fi àkísà tí ẹ rẹ sínú omi oògùn nu ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tí eku ti lu, tí ó ti tọ̀ sínú rẹ̀, ẹ dà á nù. Ẹ má jọ̀ ọ́, ẹ má sá a, ẹ má tà á fún ọmọ ẹlòmíì. Pàápàá gàrí, tí àwa èèyàn ń fi omi tútù mu láìfi iná kàn án. Ẹ̀yin tí ẹ ń sá èlùbọ́ sórí àpáta àti etí títì, ẹ kó o wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Òru ni eku ń jẹ̀.

Ihò tí ìka ọmọdé lè wọ̀ ti tó fún ọmọ eku. Ẹ ki irin tí a fi ń fọ ìkòkò sínú rẹ̀, kí ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí i. Dúrọ́ọ̀mù oníke tó ní ọmọrí tó le dára ju àpò lọ fún èlùbọ́. Pàkúté ni mo fara mọ́. N kò fẹ́ gọ́ọ̀mù, torí eku tó lẹ̀ mọ́ ọn láàyè á máa tọ̀ káàkiri bó ṣe ń jà. Ọ̀tápìápìá nítòsí oúnjẹ, májèlé ni.

Bí ibà bá mú ẹni tó bá eku pàdé, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí oògùn ibà ò sì ràn án, tí ọ̀fun ń dùn ún tàbí tó ń bì, ẹ má ra oògùn kiri. Oògùn tí wọ́n fi ń wo Lassa wà, ribavirin ni, ìgbà tí àrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ̀jẹ̀, èébì àti ìtọ̀ aláìsàn náà ń ranni, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ má fi ọwọ́ lásán kàn wọ́n. Ẹ pe NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, lórí 6232, wọn kì í gba owó. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ má dúró kó bi yín kí ẹ tó sọ pé eku wà nílé.