Bí a ṣe ń fi ítálíìkì kọ Yorùbá láìba àmì jẹ́

Lẹ́tà ítálíìkì, èyí tó máa ń tẹ̀ sí ọ̀tún, kì í ṣe lẹ́tà òòró tí wọ́n kàn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí Francesco Griffo, agbẹ́lẹ́tà, gbẹ́ ẹ fún Aldus Manutius, òǹtẹ̀wé kan ní Venice ní Ítálì, ìkọ̀wé ọwọ́ ló ń wò, wọ́n sì fi í tẹ odindi ìwé ewì Virgil, akéwì Róòmù àtijọ́, ní 1501.

Ẹ wá fọ́ǹtì, ìyẹn àkójọ ìrísí lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà, tó ní ítálíìkì tirẹ̀. Gentium tí Victor Gaultney yà ni mo máa ń lò: ọ̀fẹ́ ni, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń to àmì ohùn sórí ẹ àti ọ. Ẹ kó gbogbo fáìlì rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ máa ń kó Regular, ìyẹn òòró, nìkan, wọ́n á wá tẹ Ctrl+I, kọ̀ǹpútà á sì dẹ lẹ́tà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lásán. Ẹ wo a: ojúlówó á rí roboto bí èyí tí à ń fọwọ́ kọ. Bí ìkọ́ bá ṣì wà lórí rẹ̀, ayédèrú ni.

Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ yín. Bí ẹ, ọ àti ṣ bá dúró gbọnrangandan nígbà tí àwọn yòókù tẹ̀, kọ̀ǹpútà ti yá wọn láti inú fọ́ǹtì mìíràn nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ fọ́ǹtì. Ẹ má fa ìlà sábẹ́ e kẹ́ ẹ pè é ní ẹ.

Wàyí o, *ìfẹ́*. Ìwé ètò ìgbéyàwó wo ni kò sí nínú rẹ̀? Orí f ítálíìkì máa ń tẹ̀ sí ọ̀tún, ibẹ̀ gan-an sì ni àmì orí ẹ́ wà. Méjèèjì lè kọlura, kí àmì náà wá dà bí ara f. Lójú kọ̀ǹpútà ẹ lè má rí i. Níwájú ìwé, tí lẹ́tà ti tóbi, gbogbo àlejò ló máa rí i. Àwọn kan á wá yọ àmì náà dànù kí ojú ìwé lè mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò! F nìkan ni kẹ́ ẹ yàn: nínú Microsoft Word, ẹ ṣí Font, ẹ bọ́ sí Advanced, ẹ yan Expanded, ẹ fi 0.5 pt síbẹ̀. Bí kò bá tó, 1 pt. Bẹ́ ẹ bá fẹ àyè gbogbo ọ̀rọ̀ náà, á túká. *Ẹ̀fọ́* àti *fẹ́ràn* náà ń fẹ́ irú ìtọ́jú yìí.

Orúkọ ìwé, ìlà orin, oríkì kúkúrú, ọ̀rọ̀ èdè mìíràn: àwọn ló yẹ ítálíìkì. Odindi ojú ìwé kọ́. Aldus ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ìyá àgbà tó gbàgbé awò sílé ló ń tẹ̀wé fún. Nítorí ítálíìkì tẹ́ẹ́rẹ́, ìwọ̀n lẹ́tà 12 ni mo máa ń lò níbi tí òòró ti jẹ́ 11. Bí ọ̀rọ̀ kan bá gbọ́dọ̀ yọ láàárín ítálíìkì, òòró ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́.

Ẹ sọ ọ́ di PDF kó tó kúrò lọ́wọ́ yín, torí kọ̀ǹpútà ibi ìtẹ̀wé lè má ní fọ́ǹtì náà. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ojú ìwé kan jáde ní dúdú lórí A4 lásán, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, kẹ́ ẹ sì fi ìka tọ gbogbo f inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.