Ẹ Má Ṣe Rọ Ọ́: Ìtọ́sọ́nà fún Ilé Tí Ọmọ Wọn Ti Pa Oúnjẹ Tì

A kọ ìwé yìí nítorí ọmọ kan tí kò yẹ kó kú. Ọ̀sẹ̀ ti gorí ọ̀sẹ̀ tí kò jẹ nǹkan gidi. Nígbà tí àwọn ará ilé rí i pé eegun ti yọ, wọ́n ro àmàlà láfún, wọ́n to ẹran sí i, wọ́n sì jókòó tì í títí tó fi jẹ ẹ́ tán, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ọkàn rẹ̀ kò gbé e. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n a kì í rọ ẹni tí ebi ti gbẹ lára.

Àìsàn náà ń jẹ́ anorexia. Ẹ yé pè é ní àìsàn òyìnbó tàbí ìṣefínní. Ìrònú ènìyàn ló ń bá jà: ẹ̀rù sísanra kì í kúrò lọ́kàn ẹni tó ní in, bó ti wù kó rù tó. Ọ̀dọ́mọbìnrin ló ń ṣe jù, ṣùgbọ́n ó ń ṣe ọmọkùnrin, ó sì ń ṣe àgbà. Ó wà lára àwọn àìsàn ọpọlọ tó ń pa ènìyàn jù.

Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Á bu òkèlè tí kò ju èékánná lọ, á fi ra ọbẹ̀, á gbé e dé ẹnu, á tún dá a padà sínú abọ́. Ẹ ó bá ẹran nínú ọ̀rá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Á se oúnjẹ fún gbogbo ilé, á bù ú fún àwọn àbúrò, òun kò ní fẹnu kàn án. Á ní òun ti jẹun nílé ọ̀rẹ́, lójoojúmọ́. Ààwẹ̀ ti parí ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ràmàdáànù ti kọjá, òun ṣì ń gbà á. Súwẹ́tà kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ nínú oòrùn Abẹ́òkúta, torí òtútù ń mú un ní tòótọ́. Nǹkan oṣù rẹ̀ dúró. Irun orí ń já, irun wẹ́wẹ́ sì ń hù lápá. Tó bá jẹun pẹ́nrẹ́n, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń sáré lọ.

Ẹ wọ̀n ọ́n. Àgbàlagbà tó ga ní mítà 1.60 kò yẹ kó dín ní nǹkan bíi kílò 47; tó bá ti ń sún mọ́ 38, ewu ńlá ni. Ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 yàtọ̀, nọ́ọ̀sì ni kí ó bá yín wò ó. Kílò nìkan kò sì tó: ẹni tó sanra tẹ́lẹ̀ tó fọn lójijì lè wà nínú ewu. Ẹ ka ìlùkìkì ọkàn rẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ fún ìṣẹ́jú 1, nígbà tó bá jókòó jẹ́ẹ́. Tí kò bá tó 50, ilé ìwòsàn. Tí kò bá tó 40, tàbí tó dákú, tàbí tó lóṣòó tí kò lè dìde láìfọwọ́ tilẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ni, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Ibi tí a ti ń ṣì í nìyí. Tó bá ti lé ní ọjọ́ 5 tí kò jẹun, tàbí tó kàn ń tọ́ ọ wò, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ fúnra yín. Oúnjẹ púpọ̀ lójijì lè fa fọ́sífétì àti pòtásíọ̀mù, àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn fi ń ṣiṣẹ́, wálẹ̀, ọkàn sì lè dáwọ́ dúró. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn rẹ̀ wò. Dókítà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì oúnjẹ òòjọ́ tàbí kó kéré sí i, pẹ̀lú fítámì B1. Iye tí wọ́n bá ní, òun ni kí ẹ bù. Ẹ má fi ṣíbí kan lé e.

Nígbà tí wọ́n bá ní ẹ máa bọ́ ọ nílé, oúnjẹ 3 lójúmọ́ àti ìpanu 3, kí wákàtí 2 sí 3 wà láàárín wọn. Ẹ̀yin ni kí ẹ bù ú, kì í ṣe òun. Ẹ bá a jẹ ẹ́. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 30 fún oúnjẹ, 15 fún ìpanu, kí ẹ sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún wákàtí 1 lẹ́yìn rẹ̀ kó má bàa lọ bì í. Tó bá ń sunkún, ẹ sọ pé, "Mo mọ̀ pé ó le. Mo wà níbí. Bu òkèlè kan sí i." Ẹ má lù ú, ẹ má bú u. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ lẹ́pa àti ọ̀rọ̀bọ̀ nínú ilé yẹn. "Ara rẹ ti ń bọ̀ sípò" pàápàá, etí rẹ̀ á gbọ́ ọ bí "o ti sanra."

Ẹ máa gbàdúrà. Ṣùgbọ́n wòlíì tó bá ní kí ọmọ tí kò jẹun gba ààwẹ̀ ọjọ́ 7, ẹ kí i, kí ẹ mú ọmọ yín máa lọ.

Ní Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdí-Àbà fún ti ara, ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró sì wà fún ti ìrònú. Àwọn kan ń sá fún Aró nítorí ohun tí aládùúgbò máa wí. Níbẹ̀ ni Dókítà Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní 1954 tí aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé, tí ẹbí sì ń bá a gbé. Ẹ bá a lọ, ẹ má fi í ránṣẹ́. Ẹ kọ ohun tó jẹ, ohun tó bì àti oògùn ìyàgbẹ́ tó ń lò sínú ìwé, kí ẹ sì mú un dání fún dókítà.