Bí A Ṣe Ń Yan Orúkọ fún Ìlànà Dátà Tí Àwọn Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì Jọ Ń Lò

Orúkọ ìlànà dátà, ìyẹn òfin àjọlò lórí bí a ṣe ń to dátà, kì í dúró sójú kan. Á wọ orúkọ fáìlì, á wọ kóòdù, á wọ àdírẹ́sì ìkànnì, á sì wọ àwọn ìwé ìwádìí tí kò sẹ́ni tó lè pè padà láti tún un kọ. Tí ẹ bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn ìpàdé yan án, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ẹlòmíì yóò fi máa ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ fún iṣẹ́ yìí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kéré tán.

Ẹ wo ilé kí ẹ tó sọ ọmọ lórúkọ

Kí ẹnikẹ́ni tó dá orúkọ kankan, ẹ kọ gbólóhùn méjì sílẹ̀. Èkíní: irú dátà tí ìlànà náà ń tò. Èkejì: ibi tó lè dé lọ́dún mẹ́wàá sí i. Gbólóhùn kejì ni ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ máa ń fò, òun náà ló sì máa ń fa wàhálà jù.

Ẹ wo MIAME, tó jáde lọ́dún 2001. Ó to àlàyé tó kéré jù tí olùwádìí gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ lórí àyẹ̀wò tó fi microarray ṣe, irinṣẹ́ tó ń wo iṣẹ́ ọ̀pọ̀ jíìnì (gene) lẹ́ẹ̀kan náà. Irinṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n so orúkọ náà mọ́. Nígbà tí iṣẹ́ kọjá sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀rọ tó ń ka lẹ́tà DNA ní tààrà, orúkọ yẹn kò gbà á mọ́. Wọ́n ní láti gbé MINSEQE kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí ìlànà méjèèjì ń béèrè jọra gan-an.

Orúkọ àjọ náà máa ń de ìlànà mọ́lẹ̀. Ìlànà àwòrán ìṣègùn tó jáde lọ́dún 1985 ń jẹ́ ACR-NEMA, orúkọ àwọn ẹgbẹ́ méjì ní Amẹ́ríkà tó ṣe é. Lọ́dún 1993, nígbà tí ẹ̀dà kẹta dé, wọ́n yí i sí DICOM. Orúkọ àkọ́kọ́ ń sọ ẹni tó ni ín. Èkejì ń sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹnikẹ́ni sì lè gbà á bíi tirẹ̀. InChI, tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà fi ń dá èròjà mọ̀, kọ́kọ́ jẹ́ IChI. Ní oṣù keje ọdún 2004 wọ́n fi lẹ́tà àjọ kejì kún un, ó di INChI. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, wọ́n tún un ṣe sí InChI. Orúkọ mẹ́ta, nítorí lẹ́tà kan.

Ẹ yẹra fún ọ̀rọ̀ bíi “new” àti “next” pẹ̀lú. Ohun tó jẹ́ tuntun lónìí á gbó, orúkọ á sì máa pe ara rẹ̀ ní tuntun lọ.

Kíkó orúkọ jọ

Kí ọmọ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ márùn-ún, ní òun nìkan, kí ìpàdé tó wáyé. Tí àgbà bá ti sọ tirẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, àwọn yòókù á kàn máa tẹ̀lé e ni. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan láìfi orúkọ ẹni tó dá a hàn.

Lẹ́tà mẹ́rin sí mẹ́jọ ló dára jù. Ẹ má sì jẹ́ kí ìtumọ̀ lẹ́tà náà gba oorun lójú yín: FITS tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń lò láti ọdún 1981 ní ọ̀rọ̀ “image” nínú ìtumọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ó ń gbé tábìlì dátà pẹ̀lú, kò sì sẹ́ni tó ń bínú sí i. Orúkọ kúkúrú ni àwọn ènìyàn máa pè. Òun ni kí ẹ lo àkókò lé lórí.

Àyẹ̀wò ẹnu

Ẹ pe ènìyàn mẹ́ta tí èdè abínibí wọn kò jọra lórí fóònù. Ẹ dárúkọ náà lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ẹni méjì bá ṣì í kọ, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ bi wọ́n bóyá ó ní ìtumọ̀ burúkú lédè wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi orúkọ náà wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì: BIDS, ìlànà dátà àwòrán ọpọlọ, jẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásán, nítorí náà ẹni tó bá ń wá a gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ mìíràn tì í. Ìyẹn kò pa á, ṣùgbọ́n ìnira ni.

Àyẹ̀wò kọ̀ǹpútà

Ibí ni orúkọ tó dùn lẹ́nu ti máa ń ṣubú. Ẹ ṣí Excel, ẹ tẹ SEPT1 sínú àpótí kan, ẹ tẹ Enter. Ohun tí ẹ máa rí ni ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án. Jíìnì kan ti jẹ́ orúkọ yìí gan-an rí. Ó ba tábìlì ìwádìí jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbìmọ̀ tó ń fún jíìnì ènìyàn lórúkọ fi yí SEPT1 sí SEPTIN1, àti MARCH1 sí MARCHF1, ìyípadà tí wọ́n kéde lọ́dún 2020. Bákan náà, 2E3 á di nọ́ńbà 2000, NA sì jẹ́ àmì àìsí dátà nínú R, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò dátà. Gbogbo orúkọ tó bá kù lọ́wọ́ yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú Excel, ẹ fi pamọ́ bíi CSV (fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tó ń fi kọ́mà ya dátà), ẹ tún un ṣí, kí ẹ wò ó bóyá ó ṣì pé.

Kí ó jẹ́ lẹ́tà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kó jẹ́ a dé z àti nọ́ńbà nìkan, láìsí àmì ohùn, àlàfo, “-” tàbí “_”. Python, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, kì í gba “-” nínú orúkọ tí a fẹ́ fi import (àṣẹ tó ń pe kóòdù wọlé) pè. Orúkọ àkójọ kóòdù nínú R kì í gba “-” tàbí “_”. Orúkọ tó bá ní “-” á wá di oríṣi mẹ́ta: ọ̀kan nínú ìwé, ọ̀kan nínú Python, ọ̀kan nínú R. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé lẹ́tà ńlá àti kékeré láti ya orúkọ yín sọ́tọ̀, nítorí Windows kì í sábà fi ìyàtọ̀ sí i.

Nọ́ńbà ẹ̀dà kò gbọ́dọ̀ wọ inú orúkọ. HDF4 àti HDF5 jẹ́ oríṣi fáìlì méjì tí kò bára wọn mu, sọ́fítíwíà HDF5 sì tún ní nọ́ńbà ẹ̀dà tirẹ̀, bíi 1.12 tàbí 1.14. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò mọ èyí tó jẹ́ nọ́ńbà ẹ̀dà nínú méjèèjì.

Ẹ wo àwọn lẹ́tà tó máa parí orúkọ fáìlì náà. Fáìlì .pdb lè jẹ́ àpèjúwe bí purotéènì ṣe rí, ó sì lè jẹ́ fáìlì tí Microsoft fi ń wá àṣìṣe inú kóòdù. PDB tún jẹ́ orúkọ ibi ìkópamọ́ purotéènì fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi orúkọ kan náà pe ìlànà, sọ́fítíwíà àti ibi ìkópamọ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹni tó bá sọ pé “ó ti bàjẹ́” kò ní mọ èyí tó ń sọ.

Kí orúkọ náà tó jáde

Ẹ wá a nínú Global Brand Database, àkójọ orúkọ òwò tó wà lọ́dọ̀ WIPO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ohun-ìní ọpọlọ, pàápàá ní ìsọ̀rí 9 tó wà fún sọ́fítíwíà àti 42 tó wà fún iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì. Ẹ wo PyPI (ibi àkójọ kóòdù Python), CRAN (ti R), GitHub (ibi tí wọ́n ń gbé kóòdù sí) àti àkójọ irú fáìlì tó wà lọ́dọ̀ IANA, àjọ tó ń tọ́jú orúkọ àti nọ́ńbà íntánẹ́ẹ̀tì. Tó bá mọ́, ẹ gba gbogbo ààyè wọ̀nyí lọ́jọ́ kan náà kí ẹ tó kéde. Iléeṣẹ́ tàbí yunifásítì ni kí àdírẹ́sì ìkànnì wà lórúkọ rẹ̀, kó má jẹ́ pé káàdì ẹnì kan ló ń sanwó rẹ̀; tí ẹni yẹn bá lọ, àdírẹ́sì á bọ́, gbogbo fáìlì tó tọ́ka sí i á wá máa tọ́ka sófo. Àdírẹ́sì tó bá máa wọ inú fáìlì, ẹ gbé e gba w3id.org, ìkànnì tó ń fúnni ní àdírẹ́sì tí kì í yí padà, kí ẹ lè yí ibi tó ń darí sí padà láìfọwọ́ kan fáìlì kankan.

Nígbà ìdìbò, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ní ìdí gúnmọ́ lòdì sí orúkọ kan, kí ó sì kọ ìdí náà sílẹ̀. Orúkọ tó bá kù ni kí ẹ tò láti orí èyí tó wù yín jù. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ojú ewé kan: bí a ṣe ń kọ ọ́, bí a ṣe ń pè é, bí a ṣe ń kọ ẹ̀dà rẹ̀, àti bí ìwé ìwádìí ṣe máa tọ́ka sí i.

Tó bá di dandan láti yí i padà, kí ó jẹ́ kí ẹ̀dà 1.0 tó jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, sọ́fítíwíà gbọ́dọ̀ máa ka fáìlì tó ní orúkọ àtijọ́, ṣùgbọ́n orúkọ tuntun nìkan ni kó máa kọ jáde.