Ẹ wọn adìẹ yín kí ẹ tó kọ́lé fún wọn

Télọ̀ ni mí ní Ìjòkà, l'Ákùúrẹ́, mo sì ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé. N kì í gé aṣọ láìwọn ẹni tó máa wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni n kì í jẹ́ kí káfíńtà kan ìṣó kankan kí n tó mọ iye adìẹ tó máa gbé inú ilé náà. Àjákù pákó àti páànù tó wà nílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kàn án pọ̀, wọ́n á wá máa kó adìẹ sí i títí yóò fi kún. Adìẹ tí àyè bá há mọ́ á máa ṣá ara wọn jẹ, wọ́n á máa tu ara wọn níyẹ̀ẹ́, ẹyin á sì dínkù.

Ẹ jẹ́ ká fi adìẹ 10 ṣe é. Ó tó ilé kan í jẹ ẹyin, kò sì ní í da àdúgbò láàmú. Nínú ilé, àyè tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 2, tó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2, ni ti adìẹ kan. Fún mẹ́wàá, ilé tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, tó fẹ̀ ní 5, ti tó. Bí ẹ kò bá ní í jẹ́ kí wọ́n jẹ̀ káàkiri nítorí ọkọ̀ àti olè, ẹ fi àgbàlá onínẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 ní gígùn àti 10 ní fífẹ̀ kún un. Ẹ fi eérú fa ìlà gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó pe bíríkìlà. Ẹ dúró sí àárín rẹ̀. Ṣé ẹ lè bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀ níbẹ̀? Ṣé bárò á gba ẹnu ọ̀nà kọjá?

Àpáta wà lábẹ́ ilẹ̀ wa. Níbòmíràn, ẹ ò ní í tíì gbẹ́ ilẹ̀ jìnnà tí ọkọ́ á fi kan òkúta, nítorí náà ẹ fi ọ̀pá irin gún igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Ẹ kọ́ ọ sí ìsàlẹ̀ kànga, ẹ má kọ́ ọ sí òkè rẹ̀, kí omi tó ṣàn kọjá lára ìgbẹ́ adìẹ má baà wọ omi tí ẹ̀ ń mu. Kí ìpìlẹ̀ ga ju ilẹ̀ lọ ní ínṣì 6, ó kéré tán.

Kí gígùn ilé náà ti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Ẹgbẹ́ méjèèjì tó kúrú ni kí ẹ mọ dé òkè, torí wọ́n á dá oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ dúró. Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ sábà máa ń ti ìlà oòrùn wá, ògiri yẹn náà ló máa gbà á. Àríwá àti gúúsù ni kí ẹ ṣí sílẹ̀: ẹ mọ búlọ́ọ̀kù kóòsì 3, ìyẹn ìlà mẹ́ta tó gorí ara wọn, tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 2 ààbọ̀, kí nẹ́ẹ̀tì gbà á níbẹ̀ dé abẹ́ páànù, kí páànù sì yọ jáde dáadáa. Adìẹ kì í làágùn. Bí ẹ bá rí i tó lanu, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó sì ṣí apá méjèèjì sílẹ̀, ooru ló mú un, atẹ́gùn ló máa gbà á. Nígbà ọyẹ́, àpò ìrẹsì tí ẹ bá ta sí apá àríwá lálẹ́ ti tó. Ẹ má dí ilé náà pa.

Nẹ́ẹ̀tì olójú ńlá tí gbogbo ènìyàn ń rà lè dá adìẹ dúró, ṣùgbọ́n ejò àti eku á gba ojú rẹ̀ wọlé. Ẹ ra èyí tí ojú rẹ̀ kò ju ìdajì ínṣì lọ, ó kéré tán fún apá ìsàlẹ̀. Ó wọ́n ju tọ̀hún lọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ìjàlọ ni mo bẹ̀rù ju ejò lọ. Lóru, lásìkò òjò, wọ́n á tò wá lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kò sí nẹ́ẹ̀tì tó dí wọn lọ́nà. Òròmọdìẹ àti adìẹ tó ń sàba ni wọ́n ń pa jù, torí àwọn yẹn kì í sá. Ẹ ṣán koríko yí ilé ká, ẹ da eérú yí ìpìlẹ̀ ká, ẹ sì máa tún un dà lẹ́yìn òjò. Bí ó bá jẹ́ ilé pákó tó dúró lórí ẹsẹ̀, ẹ ki ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ agolo, kí ẹ bu ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì yọ lára ọkọ̀ sínú rẹ̀.

Ní ti ibùwọ̀, ìyẹn ọ̀pá tí adìẹ ń bà lé sùn, àwọn àgbà ní adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Pákó 2 báì 2 ni kí ẹ lò, kí káfíńtà fá etí rẹ̀ kó má mú. Ínṣì 10 ni ti adìẹ kan. Ọ̀pá méjì tó dábùú fífẹ̀ ilé yẹn á fún wa ní ínṣì 120, ó sì ṣẹ́kù. Kí ọ̀pá jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kí méjèèjì sì dọ́gba ní gíga. Bí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, gbogbo wọn ló máa fẹ́ gun ti òkè, ìjà á sì bẹ́ sílẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Adìẹ ìbílẹ̀ lè fò dé ẹsẹ̀ bàtà 3. Noiler, ẹ̀yà adìẹ tí wọ́n ń sìn fún ẹran àti ẹyin, àti àgbébọ̀ òyìnbó wúwo, ẹsẹ̀ bàtà 2 ni kí ẹ fi mọ fún wọn, kí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn má baà máa wú níbi tí wọ́n ti ń bẹ́ sílẹ̀.

Ìtẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ìtẹ́ kan tó adìẹ 4, nítorí náà 3 ló máa tó mẹ́wàá. Ínṣì 12 ní fífẹ̀, 12 ní jíjìn, 12 ní gíga. Fún Noiler, ẹ sọ ọ́ di 14. Má fẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀, torí bí adìẹ méjì bá ráyè wọ̀ ọ́ pọ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ fọ́ ẹyin, èyí tó bá sì ti tọ́ ẹyin fífọ́ wò á máa wá a kiri láti jẹ. Ilẹ̀ ìtẹ́ gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ibùwọ̀ lọ. Ibi tó ga jù ni adìẹ máa ń fẹ́ sùn sí. Bí ìtẹ́ bá ga, inú rẹ̀ ni wọ́n máa sùn, ẹ ó sì máa fọ ìgbẹ́ kúrò lára ẹyin láràárọ̀. Ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀ ti tó. Kí òrùlé ìtẹ́ dagun gan-an kí wọ́n má lè bà lé e. Ẹ kan pákó ínṣì 4 dábùú ẹnu rẹ̀ kí ẹyin má yí jáde. Igun tó ṣókùnkùn, tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, ni kí ẹ gbé e sí, torí adìẹ tó fẹ́ yé ń wá ibi ìfarapamọ́. Bí ẹ bá lè mú ẹ̀yìn ìtẹ́ yọ síta ògiri, kí ó ní ìdérí tí ẹ lè ṣí, ẹ ó máa kó ẹyin láìwọlé rárá.

Ìfá pákó tí káfíńtà fi ìfági fá ni kí ẹ tẹ́ sínú rẹ̀. Ó dára ju iyẹ̀ lẹ́búlẹ́bú ti sọ́ọ̀mìlì lọ, èyí tí eruku rẹ̀ máa ń wọ adìẹ nímú. Kí ìtẹ́ ti wà nílẹ̀ láti ìgbà tí adìẹ bá ti pé ọ̀sẹ̀ 16, torí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20 ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Ẹ fi bọ́ọ̀lù tẹníìsì orí tábìlì sínú rẹ̀, wọ́n á rò pé ẹnìkan ti yé síbẹ̀.

Adìẹ ìbílẹ̀ fẹ́ràn àtisàba. Bí ọ̀kan bá jókòó sínú ìtẹ́, ọjọ́ 21 gbáko ni kò ní í jẹ́ kí àwọn yòókù ráyè níbẹ̀. Ẹ ní apẹ̀rẹ̀ kan lọ́tọ̀ fún un. Lóru ni kí ẹ gbé òun àti ẹyin rẹ̀ lọ síbẹ̀, kí oúnjẹ àti omi wà nítòsí rẹ̀.