Ìdúró Ẹ̀dá Inú Àwòrán: Bí Ẹlẹgbẹ́ Ṣe Lè Bá Wa Tún Un Ṣe

Ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun ń wọ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹni tó ti ń ya ènìyàn kan láti àárọ̀ kì í mọ̀ pé ẹni náà ti fẹ́ ṣubú nínú àwòrán. Ojú lè jọ ojú, aṣọ òkè lè ní gbogbo àwọ̀ tó yẹ kó ní, síbẹ̀ kí ara ẹni tí a yà le gbagidi. Ìbáà jẹ́ pé ẹni náà dúró, ó jókòó, ó kúnlẹ̀ tàbí ó ń sáré, bí ara rẹ̀ ṣe wà, èyí tí mò ń pè ní ìdúró, ni ojú ẹlòmíràn tètè máa ń rí, òun náà sì ni ẹni tó yà á máa ń rí kẹ́yìn. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kò yẹ kí ayàwòrán kankan dá ìdúró yanjú láìfi han ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ mú iṣẹ́ náà jáde nígbà tó ṣì jẹ́ ìlà pẹ́ńsùlù lásán, kí ẹ tó kùn ún, kí ẹ tó fi ọnà sí aṣọ. Ẹni tí ẹ bá fi àwòrán tó ti parí hàn yóò máa ṣàánú yín ni. Ohun tó dára jù ni kí ẹ ya ìdúró mẹ́ta tàbí mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ẹ̀dá kan náà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má tóbi ju páálí ìṣáná lọ, kí ẹ sì tẹ́ gbogbo wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rọrùn fún ènìyàn láti yan èyí tó wù ú nínú mẹ́rin ju kó sọ pé ọ̀kan ṣoṣo tí a gbé wá kò dára, pàápàá níbi tí àbúrò ti ń wo iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n.

Bí ẹ bá ti gbé e fún ẹlẹgbẹ́ yín, ẹ má ṣàlàyé ohunkóhun. Ẹ bi í pé, "Kí ni ẹni yìí ń ṣe?" kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin tó ń gún iyán, nítorí pé ní Èkìtì, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa àwòrán yíyà pàápàá mọ bí wọ́n ṣe ń gún iyán. Ká ní ẹ yà á tó nàró, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra, tó di ọmọ odó mú síwájú àyà. Ẹlẹgbẹ́ yín wò ó, ó ní, "Ó di igi mú." Ẹ má bínú, ìdáhùn yẹn ti jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò sí agbára nínú ara náà. Ẹ ní kó fọwọ́ tọ́ka sí ibi tó ti rí i bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti gún iyán rí, ẹ ní kó dìde kó ṣe é fún yín wò. Ẹ ó rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yà, orúnkún rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀. Nígbà tí ọmọ odó bá lọ sókè, gbogbo ara yóò nà láti gìgísẹ̀ títí dé ọwọ́, nígbà tó bá sì bọ́ sínú odó, ẹ̀yìn yóò tẹ̀, ìdí yóò sì lọ sẹ́yìn kí ara má baà dojú bolẹ̀. Ẹ fi fóònù yà á bó ti ń ṣe é, bí ó bá gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà kan ṣoṣo láti orí, gba ọ̀pá ẹ̀yìn, dé ẹsẹ̀ tó gbé ara ró, kí ẹ sì tún obìnrin náà yà lé ìlà yẹn lórí. Bí ìlà náà bá tọ́ gbọnrangandan nígbà tí iṣẹ́ agbára ń lọ, ẹ kò tíì rí ìdúró náà mú.

Ìwúwo ara ló kàn. Ẹ jẹ́ kí ẹlẹgbẹ́ yín fi rúlà fa ìlà láti kòtò kékeré tó wà nísàlẹ̀ ọ̀fun wá sílẹ̀ tààrà. Fún ẹni tó dúró jẹ́ẹ́, ìlà yẹn yẹ kó bọ́ sí àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, tàbí sórí ẹsẹ̀ kan tó gbé ara ró. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún ló gbé ara ró, ìbàdí ọ̀tún ni yóò ga, èjìká ọ̀tún yóò sì máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń ya èjìká àti ìbàdí ní ọgbọọgba, ohun tó sì ń sọ ènìyàn di ère nìyẹn. Ẹ tún lè ní kí ó kun gbogbo ara náà ní dúdú bí òjìji. Bí kò bá mọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe mọ́, ọwọ́ náà ti sọnù sínú ara nìyẹn, ẹ fà á jáde síta.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tí kò bá ara ènìyàn gidi mu ni àṣìṣe. Orí àgbàlagbà máa ń wọ gígùn ara rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà méje àbọ̀, ṣùgbọ́n nínú ère Yorùbá, orí lè gba nǹkan bí ìdá mẹ́rin gíga ara. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, agbẹ́gilére tó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, wọ́n sì pàtẹ ilẹ̀kùn náà ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924. Lára rẹ̀, Ògògà jókòó, àwọn aláàárù sì ń gbé òyìnbó ajẹ́lẹ̀ bọ̀. Kò sí ẹni tó máa wò ó tí kò ní mọ ẹni tó jẹ́ onílé àti ẹni tó jẹ́ àlejò. Nítorí náà, bí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ orí tàbí kí ẹ fa ọrùn gùn, ẹ sọ fún ẹni tó ń wò ó ṣáájú, kí ó má baà fi gbogbo àkókò rẹ̀ tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Ní ti ìdúró ìkíni, ẹ fi han àgbàlagbà, ìbáà má fi pẹ́ńsùlù kan ìwé rí. Òun ni yóò rí i pé ọmọbìnrin tí ẹ yà kò tíì kúnlẹ̀ tán, tàbí pé ọmọkùnrin tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀ wulẹ̀ tẹrí ba. Yíyí àwòrán padà bí ìgbà tí a wò ó nínú dígí máa ń jẹ́ kí àléébù hàn, ṣùgbọ́n ẹ rántí dá a padà, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún tí ọmọ fi ń gbé omi fún bàbá rẹ̀ yóò ti di ọwọ́ òsì.

Ẹni tí wọ́n ní kó wo iṣẹ́ náà ní ojúṣe tirẹ̀. "Ó dára" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, "kò dára" náà kò sì ṣe nǹkan kan. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí àti ibi tí ẹ ti rí i kí ẹ tó dá àbá. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ yà á, ẹ gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí ẹ sì yà á sórí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹ tẹ́ lé e, tàbí sórí ìpele ọ̀tọ̀ nínú áàpù ìyàwòrán bíi Krita tàbí ibisPaint, kí tirẹ̀ lè wà bó ṣe wà.

Bí ẹni méjì bá tọ́ka sí ibì kan náà, ẹ tún ibẹ̀ ṣe, kódà bí àbá wọn kò bá dọ́gba. Wọ́n mọ ibi tó ń dùn wọ́n lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí àwòrán náà fẹ́ sọ. Ẹ kọ́kọ́ tún ìlà ara ṣe, lẹ́yìn náà ìbàdí àti èjìká, kí ẹ tó kan apá, kí ìka ọwọ́ gbẹ̀yìn. Nígbà tí ẹ bá ṣe tán, ẹ gbé e fún ẹni tí kò tíì rí i rí, kí ẹ bi í ní ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn. Ẹni tó ti wò ó tẹ́lẹ̀ ti mọ ìdáhùn, ẹ jẹ́ kí ojú tirẹ̀ sinmi di àwòrán mìíràn.