Dúrọ́ọ̀ tó ń há: àwọn nǹkan tẹ́ ò gbọ́dọ̀ ṣe

Àsìkò òjò yìí gan-an ni dúrọ́ọ̀ onígi máa ń yarí. Ẹ fà á, kò wá, ni ẹ bá fẹsẹ̀ ti kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ wá fi gbogbo agbára já a. Èmi náà ṣe é rí o, iwájú ẹ̀ nìkan ló já bọ́ sí mi lọ́wọ́, àpótí ẹ̀ jókòó síbẹ̀ kò mira, ìyàwó mi rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú ẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ yọ dúrọ́ọ̀ tó wà lókè èyí tó há, kẹ́ẹ ki ọwọ́ bọ ibẹ̀, kẹ́ẹ máa tì í látẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má ta òróró sí i. Ó máa yọ̀ lóòótọ́, àmọ́ tó bá yá eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, á dì gbagidi, aṣọ funfun tó wà nínú ẹ̀ á gba tiẹ̀. Àbẹ́là ni kẹ́ẹ fi pa á, àjẹkù èyí tẹ́ ẹ tàn nígbà tí wọ́n mú iná.

Èyí tó burú jù ni kẹ́ẹ pe káfíńtà kó wá fá a nínú òjò. Igi ń mu ọ̀rinrin nínú afẹ́fẹ́, ó ń wú, fífẹ̀ ló sì máa ń fẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn sí i. Tọ́yẹ́ bá dé, á súnkì padà. Tèmi tí wọ́n fá lóṣù keje, nígbà tó fi máa di January ó ti ń mì lọ́tùn-ún lósì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹ kó ẹrù inú ẹ̀ kúrò, ẹ gbé e síwájú fáànù fún ọjọ́ méjì mẹ́ta (kì í ṣe inú oòrùn o, igi á lọ́, gúlú á tú). Tó bá ṣì ń há, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pa ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ tì í wọlé kẹ́ẹ fà á jáde, ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá ti pa rẹ́ nìkan ni kẹ́ẹ fi sàńpépà nọ́ńbà 120 ha, díẹ̀ péré. Ẹ wo ìsàlẹ̀ náà, ó lè jẹ́ ìṣó kan ló yọrí.

Tó bá jẹ́ MDF (pákó tí wọ́n fi igi lílọ̀ àti gúlú tẹ̀ pọ̀) ló mu omi tó wú, ẹ má wulẹ̀ ha á, kò ní padà sípò, ẹ pààrọ̀ pákó yẹn ni.

Iwájú nìkan ni ọ̀pọ̀ káfíńtà máa ń kùn. Tọ́yẹ́ bá dé tí igi gbẹ, ẹ fi fáníìṣì kun ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀, kẹ́ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa kẹ́ẹ tó dá a padà, torí fáníìṣì tútù náà máa ń lẹ̀.